Ìyá Àgbà Mẹ́rin Ló Kú Nítorí Iṣẹ́ Àṣetiléwá Kan

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ikú ṣe ń pa arúgbó tó ní Òkè-Ògùn, ẹ má wulẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì da àwọn tó ń gbẹ́ sàréè láàmú. Ẹ fún kíláàsì ìṣirò ní iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹ ní kí wọ́n kó o wá ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ìyá àgbà mẹ́rin á ti sùn.

Mo kọ́ni ní ìṣirò fún ọdún díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lágbègbè wa. Ẹ má bi mí pé èwo ni. Ẹni tó bá bi mí, màá ní kó kọ́kọ́ fi bó ṣe ronú kàn án hàn mí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà rẹ̀ mẹ́ta kú láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tó mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìyá tó bí bàbá ẹ, ọ̀kan. Ìyá tó bí ìyá ẹ, méjì. Ta wá ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta?" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àbúrò ìyá àgbà ni, àmọ́ ìyá àgbà náà la máa ń pè é."

Ó borí mi. Òótọ́ kúkú ni. Gbogbo arúgbó obìnrin tó bá ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lágboolé wa, ìyá àgbà ni. Ọmọ Ṣakí tó bá ti agboolé ńlá wá, ìyá àgbà rẹ̀ á tó ogún. Bó bá mọ̀ ọ́n ná, á fi wọ́n dé ìparí ọdún kejì láìkó iṣẹ́ kankan sílẹ̀ lásìkò.

Òfin tí mo kọ sójú pátákó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ò le rárá. Kọ orúkọ ẹ àti nọ́ńbà mátíríìkì ẹ sókè. Ìwé A4 ni kó o lò, má fa ojú ewé ya láàárín nótù. Fi bí o ṣe ṣe é hàn, má ṣàdédé ju ìdáhùn lù mí. Ọpọlọ ara ẹ ni kó o lò, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ ẹ. Kó iṣẹ́ ẹ fún kíláàsì-rẹ́pù, aṣojú kíláàsì, kó o sì dúró títí yóò fi kọ ọjọ́ àti aago sí i lára. Bí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì bá ti lù, ẹni tó pẹ́ á máa pàdánù máàkì méjì nínú mẹ́wàá lójúmọ́ kan. Ó tán. Òfin ìyá tó ń ta àmàlà ní gáréèjì le jù báyìí lọ. Bó o bá débẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́ta, ẹran ti tán, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ ìyá àgbà lẹ́nu ẹ.

Kí ẹni tí kò mọ̀ má rò pé eré là ń ṣe o. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, máàkì 30 tàbí 40 nínú 100 ló wà nínú iṣẹ́ àárín sáà, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹnikẹ́ni tó wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Ní pólì, 40 lẹni tó bá fẹ́ yè ń wá, 75 sókè lẹni tó bá fẹ́ A ń wá. Ẹni tó bá ti kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wá lásìkò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kó tó rí ìbéèrè ìdánwò. Ẹni tí kò bá kó o wá, ẹsẹ̀ kan ló máa fi sáré wọ ìdánwò, ẹsẹ̀ yẹn náà á sì máa dùn ún.

A ò sì lè ní ọ̀nà ló jìn. Láyé àtijọ́, ọmọ Òkè-Ògùn tó bá fẹ́ lọ pólì, Ìbàdàn ló ń forí lé. Pólì Ìbàdàn wá ní ẹ̀ka ní Ṣakí, nígbà tó sì di 2014, ẹ̀ka náà dá dúró, ó di The Oke-Ogun Polytechnic. Yunifásítì LAUTECH náà ti gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn lábẹ́ ìjọba Ṣèyí Mákindé. (Kò sí èyí tí mò ń bá wí nínú méjèèjì, ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ, èmi nìkan ló yé.) Ilé ẹ̀kọ́ ti rin ọ̀nà jíjìn wá bá wa nílé. Iṣẹ́ àṣetiléwá nìkan ni kò tíì mọ ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ kíkà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Mo dúró níwájú kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, mo ní, "Ẹ ní ọjọ́ márùn-ún." Bí baba wa ṣe ń ka ọjọ́ ni mo ṣe kà á: òní wà nínú rẹ̀. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ó pé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ná ọjà ọrún, tí ẹnu wa ń pè é ní márùn-ún, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún: mẹ́tàdínlógún lẹ́nu, mẹ́rìndínlógún lójú oòrùn. Àwọn aláṣọ òfì Ìsẹ́yìn tí wọ́n ń kó ọjà lọ sí Òjé n'Ìbàdàn ti ń ka ìtàdógún yìí kí bàbá bàbá mi tó wẹ ọwọ́ jẹun, mi ò sì gbọ́ pé ẹnì kan nínú wọn gbé aṣọ dé ọjà ní ọjọ́ kejì kó ní òun ṣi ọjọ́ kà.

Àmọ́ àwọn ọmọ tèmi di òyìnbó lójijì. Wọ́n ní, "Sà, ọla lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà." Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọla, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa pé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ́fíìsì tì. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ọjọ́ Ajé. Bí ọjọ́ Ẹtì mi ṣe fẹsẹ̀ rìn di ọjọ́ Ajé nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rí tó gún régé, ẹ̀rí tí ẹnì kankan nínú wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí lórí ìwé ìdánwò. Ṣé ẹ wá rí i, lọ́jọ́ tí mo ní máàkì máa jáde ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n tún padà di ọmọ Oòduà. Òní wà nínú rẹ̀! Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn òní ni wọ́n ti tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Bí wọ́n bá jẹ mí, wọn á kà á bí òyìnbó. Bí mo bá jẹ wọ́n, wọn á kà á bí Yorùbá.

Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n máa ń ní ìṣirò kì í ṣe tiwa, òyìnbó ló kó o dé. Mo pe ọ̀kan nínú wọn síwájú, mo kọ 45 sójú pátákó. Mo ní kó pè é lédè Yorùbá. Ó ní, "Márùndínláàádọ́ta." Mo ní, "Kí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn?" Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan sà, òun kàn pè é ni. Ó kàn pè é! Ó mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó yọ mẹ́wàá kó lè di àádọ́ta, ó tún yọ márùn-ún lára àádọ́ta, gbogbo rẹ̀ láàárín èémí kan, láìfọwọ́ kan kalikulétọ̀. Ajíhìnrere ará Jámánì kan, Adolphus Mann, tó gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ká ní 1862, rí òǹkà wa yìí, ó sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1887. Ọmọ tó ni òǹkà náà wá ń sọ fún mi pé àmì ìyọkúrò ló ń dààmú òun nínú áljébrà. Ọmọ, inú àmì ìyọkúrò ni wọ́n bí ẹ sí.

Ẹ wo bàbá ọmọ yẹn náà ní oko. Igba-igba ló ń ka ebè. Bí lébìrà bá kọ igba ebè mẹ́ta tó sì ku méje, kó tó parí gbólóhùn "Bàbá, mo ti ṣe tán," bàbá ti yọ owó méje náà. Ẹ wo ìyá rẹ̀ lọ́jà Ṣakí, èèyàn mẹ́ta ń ná èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iye mẹ́ta, ẹ̀dínwó mẹ́ta, ó sì mọ ṣénjì olúkúlùkù. Ọmọ tí àwọn méjì yìí bí ló kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún mi, tó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kalikulétọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí gbé mi dé orí òfin pé kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà rú u. Àkọ́kọ́ lẹni tó ju ìdáhùn sílẹ̀ bí ẹni ju òkò. Ẹnì kejì burú jù ú lọ. Á kọ ìlà méjì tó dáa, á wá dé ibi tí òkùnkùn ti ṣú, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó hàn gbangba pé", ìlà tó tẹ̀ lé e á sì di ìdáhùn. Mo ti máàkì ìwé fún ọdún díẹ̀, mo sì fẹ́ jẹ́rìí fún yín: ibi tí ọmọ ìṣirò bá ti kọ "ó hàn gbangba," ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀.

Ọdún kan wà tí mo fún wọn ní ìbéèrè alájàpá kan láti Tedé. Mo to ọ̀rọ̀ náà títí tó fi di x² − 31x − 140 = 0, tí x jẹ́ iye àpò èlùbọ́ tó wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá pín in dáadáa á rí i pé x jẹ́ 35 tàbí −4. Èèyàn ò sì lè kó àpò èlùbọ́ tó dín ní òdo sínú ọkọ̀, nítorí náà kí ó ju −4 nù, kí ó sọ ìdí, kí ó mú 35. Ọmọ kan ò ju −4 nù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpò 35 ló wà nínú ọkọ̀, mẹ́rin yòókù, àwọn oníbàárà ló jẹ ẹ́, wọn ò tíì san án. Mo jókòó, mo wo ìwé náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tọ̀nà, àmọ́ ó mọ ọjà. Mo fún un ní máàkì kan nítorí ìyá rẹ̀.

Èyí tó wá dààmú mi jù ni pé àwọn mẹ́tàdínlógún kọ 3.5. Kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ẹni méjì. Ìṣirò wọn dán bí ìkòkò tuntun láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kù díẹ̀ kó parí, àfi lójijì tí póìǹtì bọ́ sáàárín 3 àti 5. Mo pè wọ́n jọ. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe rí àpò mẹ́ta àbọ̀?" Agbẹnusọ wọn ní, "Sà, èèyàn lè ra ààbọ̀ àpò." Mo ní ó dáa, ẹ fi 3.5 sípò x ká wò ó bóyá á jẹ́ òdo. Wọ́n ṣe é. Ó jẹ́ −236.25. Agbẹnusọ wò ó, ó wò mí, ó ní, "Sà, ó súnmọ́ ọn."

Gbogbo wọn búra pé àwọn ò wo ti ara wọn. Ọ̀kan fi Ògún búra, èkejì fi Bíbélì, ẹ̀kẹta fi Kùránì. Ní Òkè-Ògùn, a kì í ṣe ojúsàájú bó bá di ọ̀rọ̀ irọ́. Mo wá póìǹtì yẹn tì. Mo wá ìwé tí wọ́n ti wò ó nínú gbogbo ohun tí mo gbà, kò sí. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àwòkọ á mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní orísun. Odò kì í ṣàn kó má ní ibi tó ti wá. Àmọ́ mi ò rí i.

Kíláàsì-rẹ́pù lẹni tí ojú mi kọ́kọ́ wò. Ẹ mọ irú wọn. Ẹni tó bá jẹ́ kíláàsì-rẹ́pù, á ti máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn kó tó mọ ibi tí ọ́fíìsì olùkọ́ wà. Á ní báàgì dúdú kan, sítépúlà ni yóò wà nínú báàgì náà, sítépúlà ọ̀hún sì ni ọ̀pá àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí a fi píìnì so ìwé òun pọ̀, kó sanwó. Ọmọ ahunṣọ kan láti Ìsẹ́yìn kọ̀ láti san. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi òwú òfì aláró rán ewé mẹ́rin pọ̀. Ìwé náà lẹ́wà débi pé ó ṣe mí bíi kí n fi í kọ́ ara ògiri. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló gbà, àmọ́ ìránṣọ rẹ̀, mẹ́wàá.

Kíláàsì-rẹ́pù wa yìí á gba ìwé láti Ọjọ́rú, á kó o sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì di ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà lóru ọjọ́ méjì yẹn, Ọlọ́run nìkan àti gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló mọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ChatGPT jáde ní ìparí 2022, mo rò pé wàhálà àwòkọ máa dínkù, pé ó kéré tán, olúkúlùkù á ní ibi tí yóò ti wo tirẹ̀. Wọ́n tún dá mi lóhùn. Ìwé kan dé, ọwọ́ ló fi kọ ọ́, ó mọ́, ó tò. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní: "Inú mi dùn láti ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí ìṣirò yìí." Mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Ẹ ṣé o. Ta ni inú ẹ dùn láti ràn lọ́wọ́?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn. Ìlà tó kẹ́yìn ní kí n jẹ́ kí òun mọ̀ bí mo bá fẹ́ àlàyé síwájú sí i. Mo ní mo fẹ́ o. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ mú fóònù wá.

Ti aago ló kù. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ní kí a máa gba iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rò pé ìyá àgbà máa sinmi. Ó sinmi lóòótọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wá ń kú nípò rẹ̀. Ẹnì kan fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn gbèdéke. Ó ní ẹ̀bá ẹnubodè ni ilé àwọn wà, pé fóònù òun ti gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Benin, aago ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa. Mo gbóríyìn fún un nítorí kò sí ẹni tó mú ìlú òkèèrè wá ṣe ẹlẹ́rìí rí. Àmọ́ aago Benin àti ti Nàìjíríà, ọgbọọgba ni wọ́n. Tógò ló yẹ kó sọ, tí aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bó bá tilẹ̀ wá sá gba Benin kọjá, tó dé Tógò tòun ti fóònù, wákàtí kan péré ló máa jèrè nínú ọjọ́ mẹ́ta. Mo yọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣe ìṣirò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rí i pé méjìlá ló yẹ kí n yọ nínú mẹ́wàá, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n dárí gbèsè máàkì méjì náà ji òun. Ìṣirò àkọ́kọ́ tó gbà látìgbà tó ti wọlé nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ òdodo fún yín, àwọn òbí náà ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ìyá kan gbéra láti ọ̀nà Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó gbé iṣu mẹ́jọ àti wàrà wá sílé mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wa wo ọmọ náà ṣe. Kò mọ̀ pé aago mẹ́rin, aago mẹ́rin náà lẹ ń sọ." Mo dá iṣu padà, mo dá wàrà padà, mo sìn ín dé ibi ọ̀kadà. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí títí dòní. Bó bá ń gún iyán, a máa dárúkọ iṣu yẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ó ti kàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kíláàsì, tí ẹ̀ ń dé ní mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, tí ẹ sì ń bi ọmọ tó wọlé lẹ́yìn yín pé ṣé kò ní aago nílé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá, tí ẹ ń máàkì ẹyọ kan. Mo mọ ẹnì kan tó máa ń gbé ìwé sórí àtẹ́lẹwọ́ wò bí ẹni ń wọn iṣu, èyí tó bá wúwo á gba mẹ́jọ, èyí tó bá fúyẹ́ á gba márùn-ún. Ọmọ kan gbọ́, ó lẹ páálí bébà mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀, mẹ́sàn-án ni wọ́n fún un. Àwa tí a ń yọ máàkì méjì lójúmọ́ kan nítorí pípẹ́, ọmọ á ti kọ ìdánwò, á ti gba ìsinmi, á ti gbin àgbàdo kó sì ti kórè rẹ̀, kí iṣẹ́ àṣetiléwá tó ṣe tó padà dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ máàkì kankan lára wa.

Nínú ọdún èlùbọ́ àti 3.5 yìí náà, ọmọbìnrin kan wá bá mi. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán sà. Òdo ni mo rí níwájú orúkọ mi, mo sì ti kó tèmi wá láti Ọjọ́rú." Mo ní mi ò rí i. Ó ní kíláàsì-rẹ́pù kọ aago sí i lára. Mo ní kó mú ẹ̀rí wá. Ó ní ìwé náà ni ẹ̀rí, ọwọ́ mi ló sì wà. Ẹnu mi yá, mo ní, "Ìyá àgbà ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n wà láàyè?" Ó ní wọ́n wà, sà. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ.

Ìyẹn ti pẹ́ díẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo dúró ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, mo ń retí ọkọ̀ tó máa kún, mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tà á nítòsí ilé mi tẹ́lẹ̀, tí òun àti ìyàwó mi mọra dáadáa. Ó ká ìwé bí ìwo, ó da ẹ̀pà sí i. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo tú ìwé náà láti gbọn iyọ̀ inú rẹ̀ nù. Mo rí x² − 31x − 140 = 0. Ìwé A4 ni. Apá ibi tí orúkọ wà ti ya, àmọ́ ibi tí kíláàsì-rẹ́pù kọ sí ṣì wà níbẹ̀: Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan wà ní ipò rẹ̀. Kò sí "ó hàn gbangba" kankan nínú rẹ̀. Ó ju −4 nù, ó sì sọ ìdí. Nísàlẹ̀, ó kọ 35, ó fa ìlà méjì sí i lábẹ́. Láàárín 3 àti 5, ẹ̀fọn kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan ti gbá mọ́lẹ̀. Ó ti gbẹ, ó dúdú, ó rí roboto.

Mo bi obìnrin náà pé níbo ló ti rí ìwé. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mà ni, Bàbá! Ìyàwó yín ló kó wọn fún mi nígbà yẹn. Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ ò wò ó."

Ọmọbìnrin tí mo ní kó lọ mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí ti dé o. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni. Bó o bá ka èyí, wá gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo pẹ́, mo sì ti ka iye ọjọ́ tí mo fi pẹ́, òní wà nínú rẹ̀.